Ta Ló Ń Bá Ọmọ Sọ̀rọ̀?

  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa rán mi ni pé kí n sọ bí àwa àgbà ṣe lè ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn nílùú Ọba níbí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ owó, torí Yorùbá kì í fi owó ẹ̀kọ́ ṣeré. Mo mọ ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó ń ti ibẹ̀ lọ nu ọ́fíìsì ní ìdájí, kí owó lẹ́sìn ìṣirò ọmọ rẹ̀ lè pé. A bí irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ mọ́ wa ni. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí iye tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé fúnra rẹ̀ ló fa ọmọ lọ́wọ́ lọ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ọmọ yẹn ni wá.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀ sí owó. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé títí tó fi máa sùn, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ń bá a sọ ọ́ o, bó bá jẹ́ pé “lọ wẹ̀,” “wá jẹun,” “ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá?” ni gbogbo ohun tó ń gbọ́. Àṣẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ ni èyí tí ọmọ á bẹ̀rẹ̀, tí àgbà á ní “ẹn-ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?”, tí ọmọ á tún ronú kó tó fèsì, tí àgbà á ní “kí nìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?” Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to èrò tẹ̀lé ara wọn. Ọjọ́ tí olùkọ́ bá ní kó kọ àròkọ, á ti ní nǹkan tó fẹ́ kọ.

Ìbéèrè yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó wá kàwé níbí ló polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ìdílé òyìnbó tó máa bá àwọn tọ́jú ọmọ, kí àwọn máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, onílé ò fẹ́ ọmọdé, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n ń lọ kíláàsì lálẹ́. Àwọn ọmọ kan bọ́ sọ́wọ́ èèyàn rere. Àwọn mìíràn padà dé, wọn ò gbọ́ ohun tí ìyá tó bí wọn ń sọ mọ́. Lónìí, abẹ́ òrùlé wa ni ọmọ ń sùn, àmọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ti di alágbàtọ́ rẹ̀. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù.

Àwọn kan á ní, “Mò ń bá tèmi sọ̀rọ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ, kí Yorùbá má baà dà á láàmú nílé-ìwé.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ilé wa gan-an ni wọ́n sì ti dán an wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún odindi ọdún mẹ́fà. Olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì pátápátá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì náà ò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Ohun tó bá ti yé ọmọ ní èdè kan, ọmọ náà ò ní láti tún un lóye láti ìbẹ̀rẹ̀ ní èdè kejì. Orúkọ rẹ̀ ló kù tó máa kọ́.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi nílé bàbá kan ní Peckham. Ayò ọlọ́pọ́n ni òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ta. Ẹ mọ̀ ọ́n: ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Kò fọwọ́ kan ọmọ ayò rárá. Ojú ló fi ń kà á yí ọpọ́n po, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ní, “Bàbá, tí mo bá gbé eléyìí, ibí yìí ló máa já sí.” Bàbá ní, “Ṣó dá ẹ lójú? Tún un kà.” Ó tún un kà, ó yí ọkàn padà, ó gbé ihò mìíràn, ó sì jẹ. Bàbá ò sọ ìdáhùn fún un, kò sì kánjú. Kò sí lẹ́sìn tí mo mọ̀ tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ ọdún méje. Kẹ́ ẹ sì wá jẹ́ kó ka iye ní Yorùbá: ẹ̀rìndínlógún ni ogún dín mẹ́rin, àádọ́ta ni ogún lọ́nà mẹ́ta dín mẹ́wàá. Bó ṣe ń kà á ló ń yọ ọ́, tó sì ń sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Bí ẹ bá ń fi mọ́tò gbé ọmọ lọ sílé-ìwé, ẹ pa rédíò, kí ẹ lè jọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru, kó ní kí ìyá àgbà nílé pa àlọ́, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp, kí ọmọ gbọ́ ọ, kó sì tún un pa fún yín lọ́jọ́ kejì.

Ó ku ti ilé-ìwé. Mo ti ṣe olùkọ́ nílùú yìí pẹ́, mo sì ti rí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣe nípàdé òbí àti olùkọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òbí á béèrè pé, “Ṣé ó ń ṣe dáadáa?” Olùkọ́ á rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ dáadáa ni. Inú òbí á dùn, á máa lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, òyìnbó kì í la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti tíṣà wa nílé. Ẹ ní kó fi ìwé ọmọ hàn yín. Ẹ béèrè pé, “Kí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣe tí òun ò tíì lè ṣe?” Ẹ má kúrò níbẹ̀ tí kò bá dáhùn.

Bí olùkọ́ bá wá sọ pé ó dà bíi pé ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, ẹ má bínú jáde. Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù tó ń fa ìbínú yẹn ti wá. Ní ọdún 1971, Bernard Coard, ọmọ Grenada tó ń ṣe olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kékeré kan jáde láti fi hàn bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ Caribbean sílé-ìwé àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn ò pé, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwé yẹn wà lára ohun tó ru àwọn òbí aláwọ̀ dúdú sókè láti dá ilé-ìwé ọjọ́ Sátidé tiwọn sílẹ̀. Ó yẹ ká ṣọ́ra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí òbí tó fi ọdún gbáko gbàdúrà lórí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ohun tí ará ilé máa wí. Ọdún yẹn ò lè padà. Ní England, òfin ọdún 2014 fún òbí láyè láti kọ̀wé sí káńsù fúnra rẹ̀, kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò. Káńsù gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí wọ́n bá sì fẹ́ fún un ní ètò ìrànlọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí láàárín ogún ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ máa ṣàkọsílẹ̀ ọjọ́, ẹ sì máa pè wọ́n.

Ẹgbẹ́ wa ní ilé-ìwé ọjọ́ Sátidé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí wákàtí kan níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn àgbà: ẹni tó mọ ayò, ẹni tó mọ àlọ́, ẹni tó lè gbọ́ àlàyé ọmọ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá kàwé. Mo sì ń tọrọ ẹni méjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí káńsù, tí á máa ran òbí lọ́wọ́ láìgbé ọ̀rọ̀ wọn jáde. Ìwé wà lọ́dọ̀ akọ̀wé nídìí ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde.