Ẹ Fojú Yín Wo Ẹṣin Kí Ẹ Tó Sanwó

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹṣin. Ẹlòmíì á ní, kí ló kan aláta Adó kan ẹṣin? Ẹ wo Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá: àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin ọlọ́ṣọ̀ọ́ wọ agbo. Ẹni tó ta ẹṣin jèrè, ẹni tó rán aṣọ ẹṣin náà jèrè.

Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó ẹṣin wá látijọ́, torí eṣinṣin tsetse inú igbó wa ń kó àrùn ràn wọ́n, wọ́n sì ń kú. Nítorí náà, ibi tó sún mọ́ wa ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ lè rí ẹni tó tà á bá wí. Kí wọ́n fokùn fà á, kó rìn lọ, kó rìn bọ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ń tiro. Ẹ yẹ pátákò rẹ̀ wò. Ẹ la ẹnu rẹ̀: bó bá ti pé ọdún 5, eyín àgbà ti gba ipò eyín ọmọdé níwájú. Kí dókítà ẹran sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń tà, ẹ má bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ kọ rìsíìtì. Owó ẹgbẹ́ lẹ yá: bí ẹṣin bá kú, gbèsè ò ní kú.

Ọlọ́run á bù sí i.