Ẹ Má Kánjú Wọ Èbúté

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)

 

Ìgbà ooru ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa máa ń lọ sí etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Àwọn kan á háyà ọkọ̀ onígbòkun, àwọn mìíràn á wọ ti ọ̀rẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: èèyàn lè rin òkun já láìséwu, kí ewu máa dúró dè é lẹ́nu èbúté.

Kí ló fà á? Níbi tí odò tàbí ọ̀sà bá ti ń wọ òkun, yanrìn a máa kó jọ sábẹ́ omi bí ebè. Òun ni wọ́n ń pè ní ba. Kò ṣàjèjì sí wa: ibẹ̀ ni Bar Beach l'Ékòó ti gba orúkọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sẹ́nu ọ̀sà Èkó ní 1908, ìta lójú òkun ni àwọn ọkọ̀ ńlá tó ti ìhín lọ ń dúró sí, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á wá kó èrò àti ẹrù wọn.

Bí ìgbì bá dé orí ebè yìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á lọ́ra, orí rẹ̀ á ga sókè, á sì wó bí ògiri. Ìgbì tó ga ní mítà 1 á wó níbi tí omi ò bá jìn ju nǹkan bíi mítà 1.3 lọ. Ó tún burú sí i bí omi bá ń fà jáde nínú èbúté, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ bọ̀ láti òkun. Ìgbì á gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ọkọ̀ á yíwọ́, á fi ẹ̀gbẹ́ gba ìgbì, ó di kó dojú dé. Ẹni tó ń ti òkun bọ̀ kì í tètè mọ̀, torí ẹ̀yìn ìgbì ló ń rí.

Ní Salcombe, ní Devon, lọ́jọ́ 27 oṣù October 1916, ọkọ̀ agbẹ̀mílà William and Emma jáde lọ ran ọkọ̀ kan lọ́wọ́ nínú ìjì. Wọ́n la ba kọjá ní àlọ. Àṣé wọ́n ti gba àwọn èèyàn ọkọ̀ náà là láti orí ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, orí ba yẹn ni ìgbì ti dojú ọkọ̀ wọn dé. Èèyàn 15 ló wà nínú rẹ̀, 13 kú. Ọmọ omi sì ni wọ́n o, wọ́n mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó.

Nítorí náà:

1. Kí ẹ tó gbéra, ẹ bi ọ̀gá èbúté bí ba bá wà níbẹ̀, àti ìgbà tó ṣeé kọjá. Nígbà tí omi bá ń kún tó sì kù díẹ̀ kó kún tán ló máa ń dára jù.

2. Tọmọdé tàgbà, kí kálukú wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá a mu. Ti àgbàlagbà kò lè gba ọmọdé là.

3. Bí ìgbì bá ń wó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dúró sí ojú òkun níbi tí omi ti jìn, tàbí kí ẹ lọ sí èbúté mìíràn.

4. Bí wàhálà bá dé, ẹ pe 999, ẹ ní Coastguard lẹ fẹ́. Lórí rédíò ọkọ̀, Channel 16 ni. Ẹ má rò ó pé wọ́n á béèrè owó. RNLI, tó ń fi ọkọ̀ gbẹ̀mí là láti 1824, kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá yọ nínú ewu.

Bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ ti ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, ẹ má tijú láti bi í léèrè. Ìtìjú kì í gbani lójú omi.

Àwa tí a ń bá ìṣirò ṣiṣẹ́ ti rò ó wò. Ká dúró bíi wákàtí 6 kí omi fi kún, ohun tó máa ná wa ni ebi, òtútù, àti bóyá owó háyà ọjọ́ kan sí i. Ọmọ tí omi bá gbé lọ, ìwé owó wo la fẹ́ kọ ọ́ sí? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

 À á lọ re, à á bọ̀ re.