Òdòdó Orí Igi Kì í Ṣe Afòmọ́

Òdòdó tí òyìnbó ń pè ní orchid ni a mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i lórí igi máńgòrò wa ní Enúgu níhìn-ín, afòmọ́ ni a pè é, a sì fi àdá họ ọ́ dànù. Àṣìṣe ńlá ni. Afòmọ́ a máa ki gbòǹgbò bọ inú igi, a sì máa mu omi ara rẹ̀. Ti orchid kò rí bẹ́ẹ̀: èèpo igi ni ó dì mú, omi òjò àti ìrì ni ó ń mu. Ọ̀kan wà nínú igbó Nàìjíríà, Ansellia africana. Òdòdó rẹ̀ a máa ní àmì tótòtó bí awọ ẹkùn.

Ẹ má gbìn ín sínú ilẹ̀, yóò jẹrà. Ẹ fi okùn dè é mọ́ ẹ̀ka igi tí oòrùn díẹ̀ ń kàn. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ wọ́n omi sí i láàárọ̀, pàápàá ẹ̀yin ará wa lókè Ọya.

Ẹ má fà á ya nínú igbó o! Láti 1975 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti ní kí ẹnikẹ́ni má tà á sí ilẹ̀ òkèèrè láìgbàwé àṣẹ. Àwa oníṣòwò, ẹ gbọ́. Ẹ̀ka tí ìjì bá ṣẹ́ lulẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni a ti rí èyí tí a so sí ẹ̀yìnkùlé wa báyìí.