Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgbẹ́ ni Jẹ̀díjẹ̀dí
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)



Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí la máa ń pè é. Awakọ̀ a mu àgbo ní gáréèjì, a tún gun ọkọ̀ lọ. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí í mú kí ìfun wú, kí ó sì dá egbò. Inú a máa run ènìyàn, a máa yàgbẹ́ gbuuru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a sì máa rù. Dókítà ló lè mọ ìyàtọ̀.

Kí ni ti oúnjẹ níbẹ̀? Ní 2021, àwọn oníṣègùn gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 116,087 ní orílẹ̀-èdè 21. Àwọn tí ń jẹ bisikíìtì, mínírà, ẹran agolo àti ìpápánu inú ọ̀rá tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, àìsàn yìí mú wọn tó bí ìlọ́po méjì àwọn tí kì í jẹ ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan. Wọn kò rí irú ẹ̀ẹ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fà á. Ti ìdílé wà níbẹ̀, sìgá náà sì ń dá kún oríṣi kan nínú rẹ̀.

Ta ló ń fi bisikíìtì àti mínírà ṣe oúnjẹ ọ̀sán? Àwa tí kò ní kantíìnì, tí ìsinmi wa kò tó jẹun ni. Nítorí náà, nígbà tí a bá bá ọ̀gá jókòó lórí owó oṣù, kí a béèrè kantíìnì tí ń se oúnjẹ gidi, àti àkókò láti jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀, kó tètè lọ sí ọsibítù.

Owó tí a jà gbà, ara líle ni a ó fi jẹ ẹ́.