Basil D'Oliveira: Ọmọ Cape Town tí ó Ṣeré fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan láàrin wa sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́)

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọmọ ilé tí ó di ọmọ ìlú onílùú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dun àwọn kan nínú wa. Bí ìròyìn bá dé pé ọmọ lágbájá ti gba ìwé ọmọ ìlú ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà, kíá ni a ó ti máa wí pé ó ti sọ ilé nù. N kò ní dárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín, kí ìjà má baà dé kí a tó jẹun. Ìtàn ọkùnrin kan tí kì í ṣe ará ibí rárá ni mo fẹ́ sọ.

Basil D'Oliveira ni orúkọ rẹ̀. Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ni a ti bí i ní ọdún 1931, eré kíríkẹ́ẹ̀tì ni ó sì sọ ọ́ di ẹni ńlá. Àwọn tí ó lọ sí Government College ní Ìbàdàn láyé àtijọ́ mọ eré yìí dáadáa. Ẹ̀yin yòókù, kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù líle, ẹnì kejì ń fi pákó gbá a kí ó má baà wó igi mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá gbá a jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ yóò sáré pààrọ̀ ipò, a ó sì ka eré kọ̀ọ̀kan sí àmì kan. Ẹni tí ó bá gba ọgọ́rùn-ún àmì kí a tó lé e kúrò, akọni ni.

Lórí pápá olókùúta ni D'Oliveira ti kọ́ ọ, àìmọye ìgbà ni ó sì gba ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ilẹ̀ náà kà á mọ́ àwọn aláwọ̀ àdàlù, òyìnbó nìkan ni ó sì lè ṣojú orílẹ̀-èdè. Ó di ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn tí kì í ṣe òyìnbó. Ibẹ̀ ni ọ̀nà pin sí. Ni ó bá kọ ìwé sí John Arlott, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ eré náà lórí rédíò BBC. Arlott àti oníwèé-ìròyìn kan, John Kay, wá iṣẹ́ fún un ní Middleton ní Lancashire, fún sáà ọdún 1960. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ £450, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá owó ọkọ̀. Àwọn ará Cape Town, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà, ni wọ́n dá owó jọ tí ó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó fi aya rẹ̀ sílẹ̀ nínú oyún, ó sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ṣé owó yẹn yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú ilẹ̀ Yorùbá dá nígbà náà láti rán ọmọ wọn lọ kàwé ní òkè òkun? Ẹni tí a fi irú owó bẹ́ẹ̀ rán níṣẹ́ kì í dá nìkan lọ.

Nígbà tí ó dé Ìlú Ọba, òtútù mú un, ilẹ̀ tútù, bọ́ọ̀lù kò sì fò bí ó ti ń fò nílé. Ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́ tí ó di pákó mú, àmì 25 péré ni ó rí kó jọ. Ṣùgbọ́n ó farabalẹ̀ kọ́ ọ. Kí sáà náà tó parí, ó ti gba àmì 930, ó sì ti lé ènìyàn 71 kúrò lórí pápá. Ohun tí ó yà á lẹ́nu jù ni pé òyìnbó ń gbé oúnjẹ fún un nínú ilé ìjẹun.

Ó di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1964, ní ọdún tí ó dara pọ̀ mọ́ Worcestershire. Ní oṣù Okúdù ọdún 1966 ni ó kọ́kọ́ ṣeré fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní pápá Lord's. Ó ti dín ọdún mẹ́ta kù nínú ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá mọ̀ pé ó ti pé ẹni ọdún 34, wọn lè má yàn án. Èmi olùkọ́ kì í yin irọ́, ṣùgbọ́n kí á béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ jí ọdún wọ̀nyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún 1968 ni ọ̀rọ̀ wá dé ojú ẹ̀. Ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ lọ ṣeré ní Gúúsù Áfíríkà ní ìparí ọdún náà. Ǹjẹ́ ìjọba Vorster yóò gbà kí ọmọ Cape Town aláwọ̀ dúdú padà wá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì? Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ sìgá kan ní Gúúsù Áfíríkà fi £4,000 lọ́dún lọ̀ ọ́ pé kí ó wá máa kọ́ni ní eré, bí ó bá lè yọ ara rẹ̀ kúrò. Kò gba owó náà. Ní oṣù Ògún, ara agbábọ́ọ̀lù kan kò dá, wọ́n sì pe D'Oliveira sí eré Oval pẹ̀lú Ọsirélíà. Kò tí ì jìnnà nígbà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Jarman tí ì bá lé e kúrò. Lẹ́yìn èyí kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró mọ́ títí ó fi gba àmì 158. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, òun náà ni ó ju bọ́ọ̀lù tí ó lé Jarman yìí kúrò, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi rí ọ̀nà borí. A gbọ́ pé ìdùnnú ṣubú layọ̀ ní Cape Town.

Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, wọ́n ka orúkọ àwọn tí yóò lọ sórí rédíò. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Inú ilé tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ní Worcester ni ó wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tom Graveney mú un lọ sí yàrá mìíràn, ó sì sunkún. Àwọn olùyàn ní ọ̀rọ̀ eré nìkan ni àwọn wò. Mo ti ka àlàyé wọn, n kò gbà á gbọ́. Ọmọ tí a gbà tọ́ ti ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe. Ẹni tí ó gbà á tọ́ ni ó ń ṣe ojú àánú sí àlejò. Àwa máa ń bi àwọn ọmọ wa bóyá wọ́n jẹ́ olóòótọ́ sí ilé. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó béèrè bóyá ìlú tí ó gbà wọ́n jẹ́ olóòótọ́ sí wọn.

Àwọn ará Ìlú Ọba pàápàá bínú; àwọn kan nínú ẹgbẹ́ MCC tí ó ni ìrìn-àjò náà pe ìpàdé tako àwọn àgbà wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, Tom Cartwright fara pa, wọ́n sì fi D'Oliveira rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Vorster dìde ní Bloemfontein, ó ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀tá òun ni èyí, òun kò gbà á. Ìrìn-àjò náà fọ́ yángá ní ọjọ́ 24. Gúúsù Áfíríkà ṣeré ńlá pẹ̀lú Ọsirélíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn tì. Títí di ọdún 1992 kò sí orílẹ̀-èdè tí ó bá wọn ṣe eré ọlọ́jọ́ márùn-ún mọ́. Àwa ní Nàìjíríà náà dá sí ọ̀rọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀, nígbà tí a kọ̀ láti lọ sí Edmonton ní ọdún 1978.

Ìgbà 44 ni D'Oliveira ṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó ṣíwọ́ ní ọdún 1972. Worcester ni ó gbé títí ó fi kú ní ọdún 2011; ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ náà. Ní ọdún 2000, nígbà tí Gúúsù Áfíríkà yan agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tí ó ta yọ jù lọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i, ẹni tí kò ṣeré fún wọn rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà eré ọdún 2004 sí 2005 ni a sì ti fi orúkọ rẹ̀ pe ife ẹ̀yẹ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Gúúsù Áfíríkà ń dù láàrin ara wọn.