Kí A Tó Ra Mọ́nítọ̀ Pẹlẹbẹ fún Gèémù

Ọ̀rọ̀ gèémù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ rẹ̀ yìí, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ti sún mọ́ rédíò, àwọn òbí yín sì ti ń na ọwọ́ láti pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì pa á. Owó yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ mi. Mọ́nítọ̀ àtijọ́ ni ó fi ń ṣe gèémù lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, tí ó gba ìdajì orí tábìlì. Ó fi oṣù mẹ́jọ tọ́jú owó tí ó ń rí nínú títún fóònù ṣe, ó lọ sí ọjà, ó sì ra mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ tòkunbọ̀ kan, ínǹṣì 27. Ọlọ́jà ti fi dá a lójú pé bí mọ́nítọ̀ bá ti tóbi tó ni gèémù ṣe ń dùn tó. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ wá bá mi ní pálọ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó. Bọ́ọ̀lù yìí ń wọ́ ìrù. Ti àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo rí i pé òótọ́ ni. Bí bọ́ọ̀lù bá dúró, ti pẹlẹbẹ mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Bí ó bá sáré, ojú rẹ̀ á pòrúurùu. Báwo ni ohun titun ṣe lè gbẹ́yìn ohun àtijọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo inú wọn. Mọ́nítọ̀ àtijọ́ jẹ́ ìgò ńlá kan tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Karl Ferdinand Braun, ará Jámánì, ni ó ṣe irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní 1897, òun náà ni àwọn bàbá wa sì ń wò nígbà tí tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 October 1959. Láti ìdí ìgò ni iná ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń ta bí ọfà wá síwájú, tí ó ń ba ìyẹ̀fun tí a fi kun ẹ̀yìn gíláàsì. Ibi tí ó bá bà ni ó ń tàn. Ó ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìwé. Bí ó bá ka ojú-ewé náà tán, á tún padà sókè. Lórí mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà, ó lè ṣe èyí ní ìgbà 60 tàbí 85 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ibi tí ọfà bà á kọ yẹ̀rì, á sì ti ṣókùnkùn kí ọfà tó tún padà débẹ̀.

Pẹlẹbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú LCD, èyí tí ó pọ̀ jù lọ́jà, fìtílà kan wà lẹ́yìn tí kì í kú. Fèrèsé kéékèèké tí ó ju 2,000,000 lọ ni ó wà níwájú fìtílà náà, bí a bá mú mọ́nítọ̀ 1920 × 1080. Fèrèsé wọ̀nyí ni ó ń ṣí, tí ó ń pa dé. Àwòrán tí wọ́n bá gbé jáde, wọn yóò dì í mú títí òmíràn yóò fi dé. Bí mọ́nítọ̀ bá ń pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń kọ ní 60 Hz, àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò dúró fún nǹkan bí ìdá 17 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ó kéré lójú, àbí? Ṣùgbọ́n ojú wa kì í dúró, ó ń bá bọ́ọ̀lù lọ. Àwòrán dúró, ojú ń lọ: ibẹ̀ ni ìrù ti ń jáde.

Nítorí náà, Hz ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó bèèrè ínǹṣì. Ní 144 Hz, àwòrán kì í dúró tó ìdá 7, ìrù náà á sì kúrú. Ọlọ́jà lè fi “1 ms” tí a kọ sára páálí dá yín lóhùn. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Bí fèrèsé ṣe ń yára ṣí ni ó ń sọ, níbi tí ó ti yá jù lọ. Bí fèrèsé bá yá bí àṣá, tí mọ́nítọ̀ sì jẹ́ 60 Hz, ìrù á ṣì wà. OLED pàápàá, tí kò lo fìtílà ẹ̀yìn, tí ó yára ju gbogbo wọn lọ, tí ó sì wọ́n, ń di àwòrán mú bẹ́ẹ̀.

Lára LCD, TN yára ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ń yí bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. VA mọ dúdú ṣe, ṣùgbọ́n a máa lọ́ra nínú òkùnkùn. IPS ni èmi fẹ́ràn.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn. PlayStation 4 kì í kọjá 60 Hz, nítorí náà ẹ má tìtorí rẹ̀ ná owó lórí 144. PlayStation 5 lè dé 120. Ti PlayStation 2, tí ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé, wáyà aláwọ̀ mẹ́ta rẹ̀ kò ní ojú ihò lára mọ́nítọ̀ titun. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí àárín lè dá àwòrán dúró díẹ̀, kí ẹ ti tẹ bọ́tìnnì kí agbábọ́ọ̀lù tó gbọ́. Yàtọ̀ sí èyí, iye fèrèsé pẹlẹbẹ kò ṣé yí padà. Àwòrán kékeré tí a bá nà lé e lórí á rí bí aṣọ tí a fọ̀ jù. Ìgò àtijọ́ kò ní ìṣòro yìí. Àwọn tí wọ́n sì fi ìbọn Nintendo yin pẹ́pẹ́yẹ nínú Duck Hunt, tí ó jáde ní 1984, kò lè yin ẹyọ kan lórí pẹlẹbẹ, nítorí ìtànṣán ìgò ni ìbọn náà ń wò.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ gbé ẹ̀rọ gèémù yín lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi àwòrán òdòdó tí kò mira hàn yín. Ẹ ní kí ó ṣí ojú-ìwé tí ó kún fún ọ̀rọ̀, kí ẹ máa yí i sókè sódò, kí ẹ sì gbìyànjú láti kà á bí ó ti ń lọ. Ẹ ní kí ó sọ gbogbo ojú rẹ̀ di funfun, kí ẹ wá àmì dúdú. Tòkunbọ̀ ni, ó lè wà níbẹ̀.

Ọlọ́jà gba ti ọmọ wa padà, ó sì yọ owó díẹ̀. Ó dun ọmọ náà gan-an. Ó fi ìyókù ra ínǹṣì 24, 144 Hz. Ó gbé e délé, ó tàn án, ìrù ṣì wà níbẹ̀! Ojú ọmọ ti ń pọ́n. Mo ní kí ó ṣí ètò inú kọ̀ǹpútà níbi tí a ti ń to àwòrán. 60 ni a bá níbẹ̀. A yí i sí 144, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Mọ́nítọ̀ àtijọ́ náà ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹnìkan fẹ́ rà á láti fọ́ ọ wá bàbà inú rẹ̀, mo ní rárá. Òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀, iná sì lè fara pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má tú u láéláé. Alẹ́ Sátidé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún máa ń jókòó tì í, bí ó bá fẹ́ ṣe àwọn gèémù àtijọ́ rẹ̀.