Ààbò Lórí Ṣíṣe Iṣẹ́ Láti Ọ̀nà Jíjìn

Kókó ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ ọ̀nà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ń gbà lọ ní ayé ìsinsìnyí. Láyé àtijọ́, bí akọ̀wé bá fẹ́ wo ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́ rẹ̀, dandan ni kí ó dé ọ́fíìsì, kí ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ó sì mú ìwé náà jáde. Lónìí, ìwé ìṣirò náà ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà sì lè wà ní Èkó nígbà tí akọ̀wé wà ní Ìlọrin. Láti yàrá rẹ̀ ni yóò ti tẹ bọ́tìnnì, tí ìwé yóò sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí akọ̀wé ń gbà wọlé, olè pẹ̀lú lè gbà á. Ìbéèrè tí ó wá jẹyọ ni pé: báwo ni a ṣe lè ṣí ilẹ̀kùn fún òṣìṣẹ́ tí ó wà lọ́nà jíjìn láì ṣí i fún olè?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí ètò náà ti rí. Dípò kí ilé iṣẹ́ máa fi ètò ìṣirò owó, ètò orúkọ òṣìṣẹ́ àti ètò ọjà títà sínú kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ojú kan ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, nínú kọ̀ǹpútà àgbà tí ó wà ní ìpamọ́. Àwòrán ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà àgbà náà nìkan ni ó ń dé iwájú òṣìṣẹ́. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá sì tẹ̀ ni ó ń padà lọ síbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró lẹ́yìn fèrèsé onígíláàsì, tí ó ń wo ìwé kan lórí tábìlì, tí ó sì ń ní kí ẹni tí ó wà nínú yàrá bá òun ṣí ojú ewé tàbí kí ó bá òun kọ nǹkan sí i. Ìwé náà kò kúrò nínú yàrá. Bí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ gbé nínú ọkọ̀, olè kò rí ìwé náà gbé lọ. Ilé iṣẹ́ Citrix, tí Ed Iacobucci dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1989, wà lára àwọn tí ó sọ irú ètò yìí di ohun tí àwọn oníṣòwò ń lò káàkiri. Ní 1998, Microsoft náà gbé tirẹ̀ jáde pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó gbà lọ́wọ́ Citrix.

Kíkó nǹkan jọ sójú kan ní èrè tirẹ̀. Àtúnṣe kan ṣoṣo a máa tó fún gbogbo òṣìṣẹ́, ìṣọ́ kan ṣoṣo a sì máa tó fún gbogbo ìwé. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí iná bá jó àká kan ṣoṣo tí gbogbo agbo ilé kó àgbàdo sí, gbogbo agbo ilé ni ebi yóò pa. Nítorí náà, bí a bá ti kó nǹkan jọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó.

Kọ́kọ́rọ́ tí ó pẹ́ jù lọ lára irú ilẹ̀kùn yìí ni ọ̀rọ̀ ìwọlé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí páswọ́ọ̀dù. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ máa lo kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnì kan má baà máa tú àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn wò, wọ́n fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi borí ọgbọ́n náà. Ní 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe ìwádìí fún oyè dókítà, rí i pé wákàtí tí a pín fún òun kò tó òun lò. Ó dá ọgbọ́n kan tí ó mú kí kọ̀ǹpútà tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ó wà níbẹ̀ sórí ìwé fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wá sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Bí kọ́kọ́rọ́ irin bá sọnù, olówó rẹ̀ yóò wá a kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó ṣì wà lórí ẹni tí ó ni ín. Kò ní mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ní i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé gbọ́ ṣàlàyé ohun tí èyí lè fà. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Change Healthcare, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá UnitedHealth. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣe alárinà láàrin àwọn ilé ìwòsàn, àwọn ilé ìtajà oògùn àti àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò tí ń san owó ìtọ́jú aláìsàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn olè fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n jí gba ẹnu ọ̀nà Citrix tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹnu ọ̀nà náà kò béèrè ẹ̀rí mìíràn lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi rìn kiri láti yàrá dé yàrá, tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n tú ètò burúkú kan sílẹ̀ tí ó sọ àkọsílẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́, wọ́n sì béèrè owó ìtúsílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn jákèjádò orílẹ̀-èdè náà kò lè mọ ẹni tí adójútòfò yóò san owó fún. Àwọn dókítà ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láì rí owó iṣẹ́ wọn gbà. UnitedHealth san 22 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn olè náà. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹrin, díẹ̀ lára àkọsílẹ̀ náà tún fojú hàn lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn. Ní 2025, ilé iṣẹ́ náà kéde pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kan ènìyàn tí ó tó 190 mílíọ̀nù. Nígbà tí ọ̀gá àgbà wọn, Andrew Witty, dúró níwájú àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó jẹ́wọ́ pé òfin ilé iṣẹ́ àwọn ni pé kí gbogbo ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí ìta máa béèrè ẹ̀rí kejì. Òfin wà, ilẹ̀kùn kan ni òfin náà kò dé.

Kí ni ẹ̀rí kejì yìí? Ohun tí òṣìṣẹ́ ní lọ́wọ́ ni, yàtọ̀ sí ohun tí ó mọ̀ sórí. Ó lè jẹ́ òǹkà kan tí tẹlifóònù rẹ̀ ń gbé jáde, tàbí kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Olè tí ó jí ọ̀rọ̀ ìwọlé láti òkè òkun kò ní tẹlifóònù akọ̀wé lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.

Ṣùgbọ́n kí a má rò pé ẹ̀rí kejì nìkan ti tó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Citrix kéde pé àlàfo wà lára ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń ṣọ́ irú ẹnu ọ̀nà yìí, wọ́n sì gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí olè lè gbà nínú àlàfo náà ni àmì tí a fi ń dá ẹni tí ó ti wọlé tán mọ̀. Ẹni tí ó bá gba àmì náà kò ní láti mú ọ̀rọ̀ ìwọlé wá, kò sì ní láti mú ẹ̀rí kejì wá. Láàrin ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 19 oṣù náà, àwọn olè gba ibẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ Comcast. Ènìyàn bí 35.9 mílíọ̀nù ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ rí i pé ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló wà láàrin ìkéde àti ìwọlé olè. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ògiri òun ti lanu, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó po amọ̀.

Ohun kẹta ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a kò lò mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Colonial Pipeline, tí ń fi ọ̀pá gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ti ọ̀pá náà pa fún ọjọ́ bíi márùn-ún nítorí àwọn olè orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà ìwọlé àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, ṣùgbọ́n tí a kò tì, ni wọ́n gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ ìwọlé lásán ni ó sì wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá kúrò ni kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kú. Bákan náà ẹ̀wẹ̀, kí a má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dé. Akọ̀wé tí ń gba owó ilé ẹ̀kọ́ kò ní ohun kan í ṣe nínú ìwé ìtọ́jú àwọn aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà kò gùn. Ọ̀rọ̀ tí ń lọ láàrin òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà àgbà ń gba ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àjèjì kọjá. Nítorí náà, ẹnà ni kí a fi sọ ọ́, kí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lọ́nà má lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ètò tí ń ṣe èyí ti pọ̀ báyìí, ó sì lágbára. Ẹnu ilẹ̀kùn ni ewu wà jù.

Ẹlòmíràn lè wí pé ẹ̀rí kejì kò bá ilẹ̀ wa mu, nítorí pé íṣẹ́ ránṣẹ́ orí tẹlifóònù a máa pẹ́ kí ó tó dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ètò kan wà nínú tẹlifóònù tí ń yí òǹkà padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30 láì lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Àṣírí kan ni tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà àgbà ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àsìkò tí ó wà lójú aago ni àwọn méjèèjì fi ń ṣírò òǹkà kan náà. Ohun tí ó kù ni kí òṣìṣẹ́ má ka òǹkà náà fún gbájú-ẹ̀ tí ó bá pè é pé òun ni ọ̀gá tàbí òun ni báǹkì.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a kúkú ti ilẹ̀kùn ìta pa pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, tí ìjọba ti Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá pa nítorí àrùn kòrónà: iṣẹ́ ọ́fíìsì tí kò ní ọ̀nà láti ilé dúró gbọnyin. Kí a má ti ilẹ̀kùn pa; kí a ṣọ́ ọ ni. Kí a sì ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa níbi tí olè kò lè dé.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ọ̀rọ̀ náà mọ ilé ẹ̀kọ́. Ká ní olùkọ́ mẹ́wàá jọ ń lo ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo láti fi máàkì sínú àkọsílẹ̀. Bí máàkì ọmọ kan bá kúrò ní 38 tí ó di 68, ta ni ó yí i? Kọ̀ǹpútà yóò dárúkọ ẹnì kan, ẹni náà sì jẹ́ ènìyàn mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án tí ọwọ́ wọ́n mọ́ kò ní ohun tí wọn yóò fi wẹ ara wọn mọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí ọ̀gá nìkan ni ààbò fi wà. Kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ni ẹlẹ́rìí olóòótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ ni èyí: ààbò kì í ṣe ohun tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan kí a sì gbàgbé. Kí ẹni tí ń ṣe àkóso lè ka ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó mọ ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tún wọn kà ní oṣooṣù. Ọ̀gbẹ́ni Witty lówó, ó ní òṣìṣẹ́, ó sì ní òfin. Ilẹ̀kùn kan ni ó ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ yín léèrè lọ́la pé ilẹ̀kùn wọ́n jẹ́ mélòó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè dáhùn, ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.